Alàgbà Ìwọ̀ntúnwọ̀nsì

Kò sí ìlú tí irú wọn kò sí mọ́. Wọ́n wà ní Ìjẹ̀bú-Òde, wọ́n wà ní Ìkirè, ṣùgbọ́n ti Ìdànrè ló gba ipò kìíní, nítorí pé ti Ìdànrè ní òkè tí yóò dúró lẹ́yìn rẹ̀ bó bá fẹ́ ya fọ́tò. Ẹ jẹ́ ká máa pè é ní Alàgbà Ìwọ̀ntúnwọ̀nsì. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ báǹkì ní Èkó, àwọn ọmọ rẹ̀ ti dé Kánádà, òun náà sì ti darí wálé. Ẹ bi í pé kí ló gbé e wálé, á kọ́kọ́ mí kanlẹ̀ ná, á wá ní, "Ayé Èkó ti sú mi. Ohun tó rọrùn ni mò ń wá."

Ìrọ̀rùn náà ní yàrá méje àti ilé ìwẹ̀ mẹ́jọ.

Amọ̀ ló fi kọ́ ọ. Ó ní amọ̀ làwọn baba ńlá wa fi ń kọ́lé, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìnkùlé làwọn baba ńlá wa ti ń gbẹ́ amọ̀ tiwọn. Ti Alàgbà, tírélà méjì ló kó bíríkì rẹ̀ wá láti ọ̀nà jíjìn, wọ́n sì wó géètì kí èyí tó gbẹ̀yìn tó ráyè wọlé. Kò fẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù, ó ní atẹ́gùn òkè tó òun. Ló bá ránṣẹ́ sí ayàwòrán ilé kan ní Èkó kó wá wo ibi tí atẹ́gùn òkè yóò máa gbà wọlé. Owó tí ọkùnrin náà gbà lórí atẹ́gùn ọ̀fẹ́ yìí, á ra ẹ̀rọ amúlétutù tí yóò kárí gbogbo yàrá. Ní pálọ̀, àpótí kan wà níbẹ̀, irú àpótí tí àwọn ìyá wa ń jókòó lé bí wọ́n bá ń ro ọkà. Káfíńtà kan ní Lẹ́kkí ló gbẹ́ ẹ. Bí àlejò bá ti fẹ́ fìdí lé e, ìyàwó Alàgbà á sáré dé: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, ẹ̀ṣọ́ ni."

Ẹ̀kọ́ tí Alàgbà fẹ́ràn jù láti máa kọ́ni ni ìṣọ́wóná. Àwọn tó sì ń kọ́ jù ni àwọn tí kò ní owó tí wọn yóò ṣọ́. Nígbà tí birikilà ní kó fi nǹkan kún owó iṣẹ́ òun nítorí ọ̀wọ́ngógó, Alàgbà jókòó tì í, ó sì fi ohùn pẹ̀lẹ́ bá a sọ̀rọ̀: "Ìṣòro yín nìyẹn, owó lẹ̀ ń lé kiri. Ṣé o mọ̀ pé díẹ̀ lè tó èèyàn?"

"Mo mọ̀, Bàbá," ni birikilà wí. "Díẹ̀ yẹn gan-an ni mo ní kẹ́ ẹ fi kún un."

Bó bá dé ọjà, á ná gààrí títí tí ìyá olóńgààrí yóò fi máa wojú ọ̀run. Nítorí àádọ́ta náírà ni. Ní gbogbo àsìkò yẹn, mọ́tò rẹ̀ wà lẹ́bàá ọ̀nà, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ò kú, kí inú rẹ̀ má baà gbóná kí ó tó padà. Wọ́n ní kò fẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù nílé. Wọn ò sọ̀rọ̀ mọ́tò.

Ojú tó fi ń wo àwọn ará ìlú náà gba àlàyé. Ẹni tí aṣọ rẹ̀ bá ti gbó, tálákà aláyọ̀ ni lójú rẹ̀. Ní ọdún 2024, nígbà tí iye owó kòkó kọjá $10,000 fún tọ́ọ̀nù kan ní ọjà àgbáyé, àwọn àgbẹ̀ kan ní ìlú yìí rí owó tí ojú wọn kò rí rí. Ọ̀kan nínú wọn ń ti oko bọ̀ tòun ti ẹ̀wù tí oje kòkó ti sọ di dúdú, àdá lọ́wọ́, nígbà tí Alàgbà dá a dúró. Ó kọ́kọ́ kí i kú iṣẹ́. Ó sọ fún un pé irú ìgbé ayé rẹ̀ yìí làwọn èèyàn ń jowú ní òkè òkun. Ó wá yọ ₦1,000, ó fi lé e lọ́wọ́. Bàbá náà, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ta kòkó tó lè ra mọ́tò Alàgbà kó sì ṣẹ́ ṣéńjì, tẹ́wọ́ méjèèjì gbà á. "Olúwa á fi kún un fún yín," ló wí. Ó ti mọ̀ pé àánú ló ń ṣe ẹni tó fún òun, kò sì fẹ́ dójú tì í.

Ká wá bọ́ sí ọgbà, nítorí ọgbà ni gbogbo rẹ̀.

Kó tó gbin ohunkóhun, ó ra iyẹ̀pẹ̀. Iyẹ̀pẹ̀ inú ọ̀rá ni mò ń wí, dúdú, tí wọ́n kọ òyìnbó sí lára, àpò lé àpò, ní Ìdànrè! Ìpínlẹ̀ Oǹdó ló ń mú kòkó jáde jù lọ ní Nàìjíríà, àgbègbè Ìdànrè sì wà lára ibi tí kòkó náà ti pọ̀ jù. Ilẹ̀ tó ti tọ́ kòkó, tó tọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ń ṣíji bo kòkó, tó sì fi owó kòkó rán Alàgbà fúnra rẹ̀ nílé ìwé, ilẹ̀ yẹn ló da kọnkéré bò kí àyíká lè mọ́. Orí kọnkéré ló to pákó sí, inú pákó ló da iyẹ̀pẹ̀ ọ̀rá sí. Ó wá gbin kéèlì, lẹ́tíúùsì àti rosemary. Irúgbìn wọn wọ bàálù wá.

Gbúre kò mọ̀ pé wọn ò pe òun. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ó ti hù láàárín pákó, ó hù ní ẹsẹ̀ ògiri, ó hù níbi tí kọnkéré gbé là. Ebòlò tẹ̀ lé e, òdú tẹ̀ lé ebòlò, tẹ̀tẹ̀ náà sì dé. Ẹnikẹ́ni kò bomi rin wọ́n, ẹnikẹ́ni kò sì ná kọ́bọ̀ lé wọn. Inú Alàgbà bàjẹ́. Ó gba ọmọkùnrin kan tí yóò máa wá tu wọ́n ní gbogbo Sátidé. Ọmọ náà á kó gbogbo rẹ̀ sínú àpò sìmẹ́ńtì, á ní òun fẹ́ lọ dà á nù. Ó máa ń yára láti lọ dà á nù yìí ju bó ṣe ń yára láti wá ṣiṣẹ́ lọ.

Ìwé kan wà lórí tábìlì Alàgbà tí gbogbo àlejò gbọ́dọ̀ rí: *Walden*, tí Henry David Thoreau ọmọ Amẹ́ríkà kọ. Ní 1845, Thoreau kọ́ ilé pákó kan sétí adágún kan, ó sì gbé ibẹ̀ ju ọdún méjì lọ. Ibi tí adágún àti igbó bá wà nínú ìwé náà, Alàgbà mọ̀ ọ́n dáadáa. Ibi tí owó bá wà ni kò tíì dé. Bẹ́ẹ̀ Thoreau ṣírò tirẹ̀ dé orí ìdajì sẹ́ǹtì: ilé náà gba dọ́là 28 àti sẹ́ǹtì 12½; lórí oko tó gbin ẹ̀wà sí, èrè tó jẹ jẹ́ dọ́là 8 àti sẹ́ǹtì 71½. Ẹni tó ń ṣọ́wó ná nìyẹn, nítorí ó mọ iye tí ẹ̀wà rẹ̀ ná an. Bí Alàgbà bá gbójúgbóyà ṣe irú ìṣirò yẹn, tó ka pákó, tó ka iyẹ̀pẹ̀ ọ̀rá, tó ka tánkì àti ẹ̀rọ alágbára oòrùn tó ń fa omi, orí kéèlì kan á fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ́n ju òbúkọ lọ.

A ò lè ní òun ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Láti 1783 ni wọ́n ti ń kọ́ abúlé kan fún Marie Antoinette, ayaba ilẹ̀ Faransé, nínú ọgbà ààfin Versailles, kó lè máa rí ibi sinmi lọ́wọ́ ọlá. Nílé níbí, ní 1976, ìjọba Ọbásanjọ́ gbé ètò Operation Feed the Nation kalẹ̀. Wọ́n ní kí kálukú dáko, wọ́n kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì lọ sóko lásìkò ìsinmi, àwọn ọ̀gá sì ń gbé ọkọ́ síwájú kámẹ́rà. Ọkọ́ mìíràn nínú wọn kò tún fojú kan ilẹ̀ mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ náà. Ní 2024 ni ìyàwó Ààrẹ, Olúrẹ̀mí Tinúbú, gbé ìdíje Every Home a Garden jáde pé kí gbogbo ilé ní ọgbà, ẹ̀bùn ẹni tó bá borí sì jẹ́ mílíọ̀nù 25 náírà. Ìmọ̀ràn náà dára. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí Alàgbà gbọ́ iye ẹ̀bùn náà, gbogbo ọ̀rọ̀ pé owó kọ́ ni nǹkan lọ sinmi díẹ̀. Orúkọ ìyàwó rẹ̀ ló fi sílẹ̀, kí àwọn èèyàn má baà pe òun ní olójúkòkòrò. Obìnrin náà kò mọ ẹ̀gbẹ́ tí ọkọ́ fi ń mú.

Òkè náà kò gbẹ́yìn nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí àlejò bá dé, á nàka sí òkè Òrósùn láti ojú fèrèsé, á ní, "Ẹ wo bí àwọn baba wa ṣe gbé ìgbé ayé ìrọ̀rùn lókè lọ́hùn-ún." Àtẹ̀gùn ibẹ̀ lé ní 600. Ìgbà kan tí Alàgbà gbìyànjú rẹ̀, ibi ìsinmi àkọ́kọ́ ló dé tó fi ní òun ti rí ohun tí òun wá wò. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló sì gbé omi rẹ̀. Kò wá sí i lọ́kàn láti bi ara rẹ̀ pé kí ló dé tí àwọn baba náà kò fi dúró sókè. Ààbò ni wọ́n gbé lókè lọ́hùn-ún fún. Nígbà tí ìlú tòrò, ní 1923, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n fi ààfin sílẹ̀, wọ́n fi ilé ẹjọ́ àti ilé ìwé sílẹ̀, wọ́n wá tẹ̀dó sí pẹ̀tẹ́lẹ̀ níbi tí oko àti ọ̀nà mọ́tò gbé sún mọ́ wọn. Kò sí baba ńlá ẹnikẹ́ni tó fẹ́ràn àtẹ̀gùn. Ọjọ́ tí wọ́n rí ọ̀nà tó rọrùn, wọ́n gbà á.

Ìyá àgbà kan wà lẹ́yìn ọgbà Alàgbà tí kò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí rí. Igi ewúro ló fi ṣe ọgbà yí ilé rẹ̀ ká: ó gé e, ó gún un mọ́lẹ̀, ó hù, ó sì ń já ewé ọgbà náà sebẹ̀. Omi tó bá fi fọ ata, ẹ̀yìn ilé ló ń dà á sí, ìdí nìyẹn tí ata fi wà lẹ́yìn ilé. Eérú ààrò ló ń wọ́n sórí ilá bí kòkòrò bá ti fẹ́ mú un. Ìgbẹ́ adìyẹ rẹ̀ kì í dé ìdí ẹ̀fọ́ títí tí yóò fi tutù, nítorí èyí tó gbóná máa ń jó ewé. Korobá tí ìdí rẹ̀ ti jò ló gbin ẹfinrin sí. Bí ẹ bá yìn ín, á ní, "Ṣé ẹ ò mọ̀ pé bí a gúnyán nínú ewé, tí a sebẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni máa yó á yó?" Ṣùgbọ́n ẹ má wulẹ̀ bá a sọ pé ààrò igi dùn. Gáàsì ló fẹ́. Ó ti sọ fún ọmọ rẹ̀ tó wà ní Àkúrẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ń retí rẹ̀. Ọgbọ́n ló fi ń ṣọ́ ohun tó ní. Kò fìgbà kan sọ pé àìní dára.

Ọjọ́ pé, àlejò Alàgbà fẹ́ wá láti Èkó. Ó ti sọ fún wọn pé inú ọgbà òun ni oúnjẹ ọ̀sán yóò ti wá. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, kòkòrò ti dá batánì sí kéèlì lára, oòrùn ti sun lẹ́tíúùsì, ewúrẹ́ àdúgbò sì ti gba géètì tí tírélà wó wọlé, wọ́n ti bá ìyókù ṣe. Rosemary nìkan ló kù. Wọn kì í fi rosemary jẹ iyán.

Alàgbà fẹsẹ̀ rìn lọ sẹ́yìn ọgbà.

"Màmá, ẹ kú àárọ̀. Gbúre àti ebòlò tó tutù yọ̀yọ̀ yìí, èló ni ìdì kan?"

"Ẹgbẹ̀rún méjì, ọ̀gá."

"Ẹgbẹ̀rún méjì kẹ̀? Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta lẹ tà á fún ẹni tó jáde níbí báyìí!"

"Ẹ̀fọ́ lásán ni mo tà fún ìyẹn. Ṣebí ẹ̀yin lẹ sọ fún ọmọ ọmọ mi pé èyí tí wọn ò bá fi kẹ́míkà sí, ìlọ́po mẹ́rin ni wọ́n ń tà á ní Èkó? Ẹ fẹ́ kí n tan yín jẹ ni?"

Alàgbà kò rí ibi ná an. Ó san owó ìdì márùn-ún. Bó ti ń lọ, ó yíjú padà: "Màmá, níbo lẹ tiẹ̀ ti rí irúgbìn tó dáa báyìí?"

"Ọ̀dọ̀ yín ni. Ọmọ yẹn ń kó o wá ní gbogbo Sátidé. Èyí tá ò bá sè, a máa ń gún un mọ́lẹ̀."

Kí ẹ̀fọ́ náà tó wọ ìkòkò, Alàgbà gbé e sórí àpótí Lẹ́kkí, ó ya á ní fọ́tò, Òrósùn wà lẹ́yìn. Ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Láti inú ọgbà mi." Látìgbà tó ti dé Ìdànrè, ìyẹn ni àkọ́kọ́ tó kọ tó jẹ́ òótọ́.