Ọwọ́ Kẹta Láàrin Pẹpẹ àti Kèǹgbè

Òwe tó sọ pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèǹgbè, jẹ́ òwe tí ọwọ́ méjì péré wà nínú rẹ̀. Pẹpẹ ni ibi gíga tí a fi amọ̀ tàbí pákó ṣe sí ara ògiri, níbi tí a ń kó ìkòkò àti ẹrù tí a kò fẹ́ kí ọmọdé fọwọ́ kàn sí. Kèǹgbè sì ni akèrègbè ọlọ́rùn tóóró tí wọ́n ń rọ ẹmu tàbí omi sí, tí ẹnu rẹ̀ kò gbà ju ọwọ́ kékeré lọ nígbà tí ohun kan bá há sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ìlú Ọ̀yọ́, tí igbá fínfín ti sọ di olókìkí, kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí ohun tí ẹnu kèǹgbè lè fi ojú ọwọ́ àgbàlagbà rí. Ẹni tó dá òwe náà sílẹ̀ kò sọ iye tí ọmọdé yóò gbà kí ó tó ki ọwọ́ bọ kèǹgbè, kò sọ iye tí àgbà yóò gbà kí ó tó nawọ́ sí pẹpẹ, kò sì rò ó rárá pé ẹnì kẹta kan lè wá jókòó sáàrin àwọn méjèèjì, kí ó máa gba lààdà lọ́tùn-ún, kí ó sì tún máa gbà á lósì. Ọwọ́ kẹta yìí ni ọgbọ́n ayé òde òní bù mọ́ òwe àwọn baba, áàpù sì ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́.

Áàpù ni ètò tí ènìyàn ń gbé sórí fóònù rẹ̀ kí ó lè bá a ṣe iṣẹ́ kan pàtó. Oríṣi èyí tó kan ọ̀rọ̀ yìí ni èyí tó ń so aládùúgbò tó ní iṣẹ́ kékeré nílé, bíi ilẹ̀ gbígbá, aṣọ fífọ̀, ẹrù gbígbé tàbí páìpù tó ń jò, pọ̀ mọ́ aládùúgbò mìíràn tó lè ṣe é gba owó. Ìlú Boston ní Amẹ́ríkà ni èyí tó lókìkí jù nínú wọn ti ṣẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ kan tí òtútù mú gan-an nínú oṣù Èrèlé ọdún 2008, oúnjẹ ajá tán nílé Leah Busque, tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní ilé iṣẹ́ IBM. Ó rò ó pé ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ní àdúgbò wà ní ọjà lọ́wọ́lọ́wọ́ tí ì bá lè bá òun rà á bọ̀, bí ọ̀nà kan bá wà láti fi mọ̀ ọ́n. Láti inú èrò yìí ni RunMyErrand ti jáde, tó di TaskRabbit lẹ́yìn náà, tí IKEA, àwọn tó ń ta àga àti tábìlì káàkiri ayé, sì rà ní ọdún 2017. Ká ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni obìnrin náà ń gbé ni, ì bá kàn yọjú lójú fèrèsé, kí ó pe ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù níwájú ilé, òwò ńlá náà ì bá sì ti parí síbẹ̀ láìtíì bẹ̀rẹ̀.

Agbára kọ́ ni irú ètò bẹ́ẹ̀ ń tà, nítorí agbára kò wọ́n ní ìlú tí ọ̀dọ́ tí kò ríṣẹ́ ṣe bá pọ̀ sí. Ìmọ̀ nípa ẹni ni ọjà rẹ̀, ìyẹn ni pé kí ẹni tó fẹ́ gba oníṣẹ́ sínú yàrá mọ ọmọ ẹni tí oníṣẹ́ náà í ṣe, kí ó sì mọ ilé tí yóò gbà lọ bí nǹkan bá sọnù. Ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, agbo ilé ló ti ń ṣe èyí láti ayébáyé. Agbo ilé ni ọ̀wọ́ ilé tí àwọn ọmọ baba kan náà, àwọn ìyàwó wọn àti àwọn àlejò tí wọ́n gbà mọ́ra ń gbé pọ̀ lábẹ́ baálé kan. Orúkọ rẹ̀ sì ni ìwé ẹ̀rí tí ọmọ ibẹ̀ ń gbé kiri. Bí àgbà bá béèrè pé, "Ọmọ ilé wo ni ọ́?", tí ọmọ náà sì dáhùn, àyẹ̀wò ti parí nìyẹn: kò sí fọ́tò yíyà, kò sì sí ẹni tó béèrè nọ́ńbà ìdánimọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Orí ìmọ̀ yìí ni àáró àti ọ̀wẹ̀ dúró lé. Àáró ni àdéhùn láàrin àwọn ojúgbà tí agbára wọn dọ́gba, pé àwọn yóò jọ ro oko ẹnì kìíní lónìí, oko ẹnì kejì lọ́la, títí yóò fi kárí. Ọ̀wẹ̀ sì ni ìpè tí ẹnì kan pe ará ilé, ọ̀rẹ́ àti àna sí iṣẹ́ ńlá bíi ilé mímọ tàbí òrùlé bíbò, tí ó sì ń fi oúnjẹ àti ohun mímu bọ́ wọn títí iṣẹ́ yóò fi parí. Ẹni tó bá rò pé ọ̀fẹ́ ni àáró kò tíì rí bí àgbẹ̀ ṣe ń ka ebè ní igba-igba, tí ìṣírò náà ń bẹ lórí rẹ̀ láìkọ ọ́ sínú ìwé, tí ẹni tó bá sì kọ ogún ebè dín lóko ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ yóò rí i pé ogún náà gan-an ni yóò dín nígbà tó bá kan oko tirẹ̀. Ohun tó ya ìṣírò yìí sọ́tọ̀ sí ti áàpù ni pé kì í tán: bí a ṣe ń san ti ẹnì kan ni ti ẹlòmíràn ń bẹ̀rẹ̀, gbèsè tí kò tán yìí sì ni okùn tó dì wọ́n pọ̀. Áàpù ń pa gbèsè rẹ́ ní ìṣẹ́jú kan náà tí iṣẹ́ bá parí, tí owó bá ti wọlé, tí kálukú sì ti bá tirẹ̀ lọ, tí ẹnikẹ́ni kò fi jẹ ẹnìkejì ní gbèsè ohunkóhun mọ́, títí kan "ẹ kú iṣẹ́".

Síbẹ̀, kí àwọn àgbà tó ń fi ọmọ aráyé òde òní ṣe yẹ̀yẹ́ má tíì rẹ́rìn-ín tán, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn ló mọ ìdajì òwe náà ju ìdajì kejì lọ. Ọmọdé tí wọ́n ń rán lọ pọnmi, lọ ra iyọ̀, lọ gba ṣéńjì, lọ wo bóyá iná ti dé nílé kejì, kì í sábà rí ọjọ́ tí àgbà yóò dìde fún un láti bá a na ọwọ́ sí pẹpẹ tirẹ̀. "Ọlọ́run yóò dá ọ sí" ni owó iṣẹ́ rẹ̀, àdúrà náà kò sì ṣeé ná lọ́jà Akẹ̀sán. Ìgbà àtijọ́ pàápàá ní ìwọ̀fà, ẹni tí a fi ṣe ìdógò nítorí owó tí a yá, tí iṣẹ́ tó ń ṣe lójoojúmọ́ kò dín kọ́bọ̀ kù nínú owó náà, nítorí èlé nìkan ni òógùn rẹ̀ ń san, tí ojú owó sì wà níbẹ̀ digbí títí ẹnì kan yóò fi kó o sílẹ̀. Nítorí náà, bí ọmọ ọ̀dọ̀ kan bá gbọ́ pé ètò kan ń bẹ tí ó ń san owó fún ilẹ̀ gbígbá, tí ó sì béèrè ibi tí wọ́n ti ń forúkọ sílẹ̀, kò sí ẹni tó ní ẹnu láti bá a wí.

Owó sísan kò burú, bẹ́ẹ̀ ni mímú kí àwọn tí kò mọ ara wọn pàdé kò burú. Àṣìṣe ọwọ́ kẹta ni pé kò mọ ìgbà tí ó yẹ kí òun kúrò nílẹ̀. Yorùbá ní alárenà, ẹni tó ń bá ọkọ àti ìyàwó ojú ọ̀nà gbé ọ̀rọ̀ lọ gbé ọ̀rọ̀ bọ̀ nígbà tí ojú ṣì ń ti wọn láti bá ara wọn sọ̀rọ̀, òfin iṣẹ́ rẹ̀ kò sì ju ẹyọ kan lọ: bí ìyàwó bá mojú ọkọ tán, alárenà a yẹ̀ ba. Alárenà inú fóònù kò gba òfin yìí gbọ́. Òfin tirẹ̀ ni pé bí ẹni méjì bá ti ipasẹ̀ òun mọ ara wọn, ọ̀dọ̀ òun ni wọ́n gbọ́dọ̀ máa gbà san owó, lónìí, lọ́la àti títí láé. Ó tẹ́ ẹní sáàrin tọkọtaya, ó ní òun ni òun so wọ́n pọ̀, òun kò sì ní dìde.

Àwọn tọkọtaya kì í sábà gbà fún un. Homejoy, tó ń bá àwọn ará San Francisco àti ìlú mìíràn wá ẹni tí yóò tún ilé wọn ṣe, kógbá wọlé ní oṣù Agẹmọ ọdún 2015. Ẹjọ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ pè, pé kí wọ́n ka àwọn sí òṣìṣẹ́ gidi, wà lára ohun tó dà á láàmú, ṣùgbọ́n ó tún ń ṣẹlẹ̀ pé ẹni tó bá fẹ́ràn ọwọ́ oníṣẹ́ kan a gba nọ́ńbà fóònù rẹ̀, wọn a sì máa ṣe tiwọn lẹ́yìn alárenà. SweepSouth, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Gúúsù Áfíríkà ní ọdún 2014, bá irú ọjà kan náà wọ Nàìjíríà, ó sì palẹ̀ mọ́ níbẹ̀ ní ọdún 2023. ORide, tí OPay, ilé iṣẹ́ tó ń báni san owó lórí fóònù, fi ń báni pe ọ̀kadà, wọ Èkó àti Ìbàdàn ní ọdún 2019, ó sì kásẹ̀ nílẹ̀ ní ọdún 2020. Ọ̀kadà kò bá a lọ, nítorí áàpù tí àwọn ará Ọ̀yọ́ fi ń pe ọ̀kadà ni pé kí ènìyàn dúró lójú títì, kí ó gbé ọwọ́ sókè, kí ó sì pariwo.

Bí ọwọ́ kẹta bá wọ Ọ̀yọ́ tán, ìràwọ̀ ni yóò kọ́kọ́ dá wàhálà sílẹ̀. Ìràwọ̀ ni àmì tí ẹni tó gbani síṣẹ́ fi ń sọ bí iṣẹ́ ṣe dára tó, láti orí ẹyọ kan dé márùn-ún, kí àwọn tí kò mọ oníṣẹ́ náà lè fi mọ̀ ọ́n. Láàrin àwọn tí kò ní bá ara wọn pàdé mọ́, ìràwọ̀ ẹyọ kan rọrùn láti fún ènìyàn. Ṣùgbọ́n ní ìlú tí oníṣẹ́ páìpù ti jẹ́ ọmọ ìyàwó ẹ̀gbọ́n baálé, ìràwọ̀ ẹyọ kan yóò dé etí ìyá rẹ̀ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ni áàpù. Ìyá rẹ̀ yóò gbé e lọ sọ́dọ̀ baálé, baálé yóò ránṣẹ́, àwọn àgbà yóò jókòó, wọn yóò sì pinnu pé kí ẹni tó fún un ní ẹyọ kan fi mẹ́rin kún un nítorí ọlá àwọn tó wà ní ìkàlẹ̀. Láti ọjọ́ náà, márùn-ún-márùn-ún ni gbogbo ènìyàn yóò máa gbà, páìpù yóò sì máa jò lọ.

A kò lè tìtorí èyí sọ pé irú ètò bẹ́ẹ̀ kò ní ibi tó bá mu. Ní agbègbè Under G ní Ògbómọ̀ṣọ́, nítòsí Yunifásítì Ládòkè Akíntọ́lá tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1990, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ti ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wá ń gbé yàrá tó kọjú síra fún odidi ọdún láìmọ orúkọ ara wọn, kò sì sí baálé tó lè dáhùn fún wọn. Ògbómọ̀ṣọ́ fúnra rẹ̀ jẹ́ ìlú oníṣòwò tí ọmọ rẹ̀ ti ń rìnrìn àjò tipẹ́. Nígbà tí ìjọba Busia lé àwọn àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò ní Gánà ní ọdún 1969, ọ̀pọ̀ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ wà lára àwọn tó di ẹrù padà wálé. Àwọn ọmọ tí ìrìn àjò kàn lónìí wà ní Èkó, ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Kánádà, wọ́n sì ti kọ́ ilé alájà méjì sílé, tí ó fi jẹ́ pé ìyá àgbà nìkan ló ń gbé inú yàrá mẹ́jọ, láìsí ọmọ-ọmọ kankan nítòsí tí ó lè rán níṣẹ́. Owó ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè fi ránṣẹ́ dípò ọwọ́, kò sì sí ẹni tó lè dá a lẹ́bi bí ó bá wá ẹni tí yóò bá a fi owó náà ra ọwọ́.

Ká wá fi ojú inú wo irú ìyá àgbà bẹ́ẹ̀, tí gílóòbù yàrá rẹ̀ jó lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Òrùlé ni pẹpẹ tirẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kò sì tó o mọ́. Ọmọbìnrin rẹ̀ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ti gbé áàpù sórí fóònù rẹ̀, ó ti sanwó sílẹ̀, ó sì ti kìlọ̀ fún un pé kí ó má ṣe da ẹnikẹ́ni láàmú ní àdúgbò. Ṣùgbọ́n fóònù ni kèǹgbè ayé ìsinsìnyí: ìka tó ti fi ọgbọ̀n ọdún ro àmàlà tóbi ju lẹ́tà wẹ́wẹ́ ojú rẹ̀ lọ, bí ó bá tẹ ọ̀kan, mẹ́ta ni yóò jáde, nọ́ńbà mẹ́fà tí wọ́n ní kí ó kọ kí ìṣẹ́jú kan tó pé sì ti kú kí ó tó rí awò ojú rẹ̀. Ìyá àgbà dìde, ó yọjú lójú fèrèsé, ó sì pe ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù níwájú ilé pé, "Ìwọ ọmọ yìí, wá bá mi tẹ nǹkan yìí."

Ọmọ náà sáré wọlé, ó dọ̀bálẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹrin, áàpù sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá oníṣẹ́ kiri. Nígbà tí àwòrán ẹni tó rí yọ, ọmọ náà bú sẹ́rìn-ín: "Ìyá àgbà, bọ̀ọ̀dá wa nìyí o!" Áàpù sọ pé oníṣẹ́ náà yóò dé ní ogójì ìṣẹ́jú, bọ̀ọ̀dá wà lẹ́yìn ilé níbi tó ti ń fọ ọ̀kadà rẹ̀, igbe kan péré ni ọ̀rọ̀ náà gbà, ṣùgbọ́n wọ́n ti sanwó fún ogójì ìṣẹ́jú, wọ́n sì dúró de ogójì ìṣẹ́jú. Bọ̀ọ̀dá dé, ó kí ìyá pẹ̀lú gbogbo ọ̀wọ̀, ó gun àga, ó sì yí gílóòbù padà kí ìyá tó béèrè àlàáfíà ìyá rẹ̀ tán. Fóònù dún, ó ń béèrè ìràwọ̀. Ìyá àgbà tún pe ọmọ náà, ọmọ náà sì tẹ márùn-ún fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bọ̀ọ̀dá gba owó rẹ̀, lààdà lọ sí ibi tí lààdà ń lọ, iná tàn. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ wọ kèǹgbè lẹ́ẹ̀mejì lọ́sàn-án kan gba "Ọlọ́run yóò dá ọ sí", ó sì padà sídìí bọ́ọ̀lù rẹ̀.