Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àbúrò Mi, Ọ̀gá Kóòdù

Àbúrò mi,

O kú iṣẹ́ ìsọmọlórúkọ. Àkójọ orúkọ àwọn ọmọ Òkè-Opin tó o tẹ̀ jáde fún ìpàdé ìparí ọdún ti tẹ̀ wá lọ́wọ́, gbogbo wa la sì ti gba orúkọ tuntun. Ṣadé di á¹¢adÃ©. Fọláṣadé gbé £ há àárín orúkọ. Ọ̀kan gba sẹ́ǹtì, èkejì gba pọ́n-ùn. Bí wọ́n bá ń pín ogún báyìí, ìjà ò ní tán nílé wa. Ìlú tó bí ọ pàápàá, Ã’kÃ¨-Opin lo pè é.

Mo bá ọ wí, o ní àmì Yorùbá ló pọ̀ jù, kí kálukú máa kọ orúkọ rẹ̀ láìsí àmì. Háà! Wọ́n ní “Amúkùn-ún, ẹrù ẹ wọ́”. Ó ní òkè lẹ rí, ẹ ò rí ìsàlẹ̀. Lọ́dún 1875 ni Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti jókòó l’Ékòó lórí bí a ó ṣe máa kọ Yorùbá. Ọdún 1998 ni XML tó o fi to orúkọ wa ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ta ni kó yí padà fún ta ni?

Ìsàlẹ̀ ẹrù náà rèé. Nínú UTF-8, báìtì mẹ́ta ló para pọ̀ di ṣ: E1, B9, A3. Windows-1252 lo fi kà á, lẹ́tà kan sì ni báìtì kọ̀ọ̀kan níbẹ̀: E1 di á, B9 di ¹, A3 di £. A2 ló parí Ṣ ńlá; ibẹ̀ ni ¢ ti wá.

XML ò ṣẹ̀ ọ́. Ìlà àkọ́kọ́ fáìlì náà ti wí tẹnu rẹ̀: encoding="UTF-8". Ìwọ lo lọ fi open() ti Python ṣí i lórí Windows, o ò sọ encoding kankan. Nígbà tó kan lẹ́tà ọ, Python tiẹ̀ kígbe, torí báìtì kẹta rẹ̀, 8D, ò ní lẹ́tà kankan ní Windows-1252. O fi errors="ignore" pa á lẹ́nu mọ́! Ajá tó ń gbó olè lo lù yẹn.

Fi orúkọ fáìlì lé ET.parse() ti Python lọ́wọ́, yóò ka ìlà àkọ́kọ́ fúnra rẹ̀. Bí o bá ń kọ èsì jáde, sọ encoding="utf-8" níbẹ̀ náà. Má sì lọ yá &eacute; lọ́wọ́ HTML; márùn-ún péré ni irú orúkọ bẹ́ẹ̀ tí XML mọ̀ láti ilé: &amp;, &lt;, &gt;, &quot; àti &apos;. Ṣùgbọ́n bí o bá kọ &#7865;, ẹ ni yóò gbé jáde.

Àmì ìbéèrè gan-an ni kó o bẹ̀rù. Bí ṣ bá di á¹£, ó ṣì ṣe é tún ṣe, torí báìtì rẹ̀ ò sọnù. Bí o bá fi Windows-1252 pa á mọ́ tó di ?, ó tán nìyẹn. Ojúlé dé ojúlé lo ó máa lọ bi àwọn èèyàn lórúkọ.

Iṣẹ́ kan ló kù. Ní kí ètò rẹ wá Olúṣẹ́gun. Unicode ò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo fún ẹ́. Ẹlòmíràn á tẹ ẹ kó tó fi àmì sórí, ẹlòmíràn á tẹ é kó tó fi àmì sábẹ́. Lójú wa, ọ̀kan náà ni. Lójú kọ̀ǹpútà, èèyàn méjì ni. Fi NFC ti Unicode sọ wọ́n di ọ̀kan kó o tó wá a.

Ọjọ́ tí ètò rẹ bá rí gbogbo Olúṣẹ́gun ìlú, bó ti wù kí wọ́n tẹ̀ wọ́n, máa bọ̀ nílé wá jẹ iyán. Kó tó dìgbà náà, gààrí ni.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n rẹ