Mùsíọ̀ Ẹnu Ibodè

Bí ẹ bá ti gba Àgbádárìgì lọ sí Ṣẹ̀mẹ̀ rí, ẹ ti rí i. Bí ẹ̀yin kò bá tilẹ̀ rí i, òun ti rí yín. Kí ẹ tó sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀ nínú dánfó ló ti dúró tì yín: "Madame, bonjour! Kùtọ̀nú àbí Lomé?" Kò sẹ́ni tó mọ orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Mùsíọ̀ ni gbogbo ẹnu ibodè ń pè é, ó sì ń jẹ́ ẹ bí ẹni tó jẹ oyè.

Jákẹ́ẹ̀tì dúdú ni aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, nínú oòrùn tó lè yan iṣu. Abẹ́ abíyá rẹ̀ ni ìwé atúmọ̀-èdè Gẹ̀ẹ́sì sí Faransé kan máa ń wà. Ìwé náà kò ní èèpo mọ́, láti A títí dé àárín C sì ti di ohun tí wọ́n fi di ẹ̀pà. Ọ̀rọ̀ tó bá ṣẹ́kù sínú ìwé, a wò ó. Èyí tó bá ẹ̀pà lọ, a fi ọgbọ́n orí dí i. Ó ní tábìlì kan lábẹ́ agbòòrùn, ó ní pátákó kan tó kọ TRADUCTION EXPRESS sí, ó sì ń gba iṣẹ́ lẹ́tà, sàtífíkéètì, ìdúnàádúrà àti ìjà.

Ó fẹ́ràn láti máa sọ pé ìjọba ló pe òun sẹ́nu iṣẹ́. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1996, Ọ̀gágun Abacha, olórí orílẹ̀-èdè nígbà náà, kéde pé Faransé yóò di èdè kejì tí ìjọba Nàìjíríà yóò máa lò. Ìjọba gbàgbé ìkéde náà kí inki rẹ̀ tó gbẹ. Mùsíọ̀ nìkan ló ń pa á mọ́. Bẹ́ẹ̀, Abúlé Èdè Faransé wà nítòsí, ní Àjàrá, láti ọdún 1991, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó ń kọ́ Faransé ti máa ń lọ gbé kí èdè náà lè mọ́ wọn lẹ́nu. Ojoojúmọ́ ni Mùsíọ̀ ń gba ìtòsí ibẹ̀ kọjá. Kò yà wọlé rí. Ó ní kí ni ẹja fẹ́ lọ kọ́ níbi tí wọ́n ti ń kọ́ni ní ìlúwẹ̀ẹ́?

Iṣẹ́ rẹ̀ kò le. Bí Gẹ̀ẹ́sì bá sọ ẹyọ kan, òun náà á fi ẹyọ kan dá a padà, bí ẹni tó ń ṣẹ́ owó. "Give" jẹ́ "donner." "Up" jẹ́ "en haut." Ó parí: "give up" ti di "donner en haut." Ẹni tó bá ní kó sọ fún ọmọ òun ní Lomé pé kó má sọ̀rètí nù, Mùsíọ̀ á sọ fún ọmọ náà pé kó má fúnni ní nǹkan sókè. Ọ̀rọ̀ tí Faransé ní fún un ni "abandonner" tàbí "renoncer," ṣùgbọ́n ta ló máa wá a lọ síbẹ̀?

Lóòótọ́, Gẹ̀ẹ́sì náà kì í ṣe èèyàn rere nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ó máa ń mú ọ̀rọ̀-ìṣe pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ kan, á so ọ̀rọ̀ kékeré mìíràn mọ́ ọn nídìí, ìtumọ̀ á sì fò lọ ibi tí ẹnikẹ́ni ò rán an. Ẹ wo "put" lásán. "Put off" ni kí a sún nǹkan síwájú: Faransé ní "reporter." "Put up" ni kí a gba àlejò sílé: Faransé ní "héberger." "Put out" ni kí a pa iná: Faransé ní "éteindre." Ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí kò bára wọn tan. Lọ́jọ́ tí sítóófù ẹlẹ́wà kan gbiná ní ìhà Kraké, ní òdìkejì ibodè, Mùsíọ̀ ló kọ́kọ́ lọgun: "Mettez le feu dehors!" Nínú Faransé, "mettre le feu" ni kí a dáná sun nǹkan. Àwọn èèyàn dúró, wọ́n ń wo ẹni tó ní kí wọ́n tún dáná mìíràn síta. Ìyá ẹlẹ́wà da yẹ̀pẹ̀ sí i láìsọ èdè kankan, iná kú.

Ohun tó ya àwọn èdè méjèèjì sọ́tọ̀ ni pé Gẹ̀ẹ́sì a máa fi ọ̀rọ̀-ìṣe sọ bí ẹsẹ̀ ṣe ń rìn, á wá fi ọ̀rọ̀ kékeré ìdí rẹ̀ sọ ibi tí ẹsẹ̀ dorí kọ. Faransé a máa kó ọ̀nà sínú ọ̀rọ̀-ìṣe fúnra rẹ̀: "go up" jẹ́ "monter," "go down" jẹ́ "descendre," "go in" jẹ́ "entrer," "go out" jẹ́ "sortir." Ẹyọ kan, ó tán. Bí ẹnìkan bá lúwẹ̀ẹ́ sọdá odò, Gẹ̀ẹ́sì á ní ó "swam across." Faransé á kọ́kọ́ sọ pé ó sọdá, "il a traversé la rivière," kó tó wá rántí fi kún un pé ìlúwẹ̀ẹ́ ló fi sọdá, "à la nage." Ohun tó wà nídìí ọ̀rọ̀ nínú Gẹ̀ẹ́sì ló bọ́ síwájú nínú Faransé. Ẹni tó bá ń ṣẹ́ ẹyọ kan sí ẹyọ kan, inú odò ló máa kú sí.

Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé àìmọ̀kan nìkan ló ń ṣe Mùsíọ̀. Ẹyọ ọ̀rọ̀ ló fi ń gba owó. Ẹ bá a ṣírò rẹ̀: "put up with," kéèyàn fara da nǹkan, ẹyọ mẹ́ta. "Mettre en haut avec," ẹyọ mẹ́rin. Èrè ti wọlé. Ká ní "supporter" tó tọ́ ló kọ, ẹyọ kan ṣoṣo ni. Akẹ́kọ̀ọ́ kan fi èyí bi í níṣojú mi. Ó wo ọmọ náà tàánú-tàánú, ó ní, "Àbúrò, ṣé kí n wá fi ọwọ́ ara mi gba oúnjẹ lẹ́nu ara mi ni?"

Akẹ́kọ̀ọ́ yìí kan náà ló ti kọ lẹ́tà sí ilé-ìwé kan ní òdìkejì, tó fi "I look forward to hearing from you" parí rẹ̀. Faransé a máa sọ pé "dans l'attente de vous lire," pé òun ń retí láti ka ìwé yín. Mùsíọ̀ kọ ọ́ pé "je regarde en avant à entendre de vous": mò ń wo iwájú, mò ń gbọ́ láti ọ̀dọ̀ yín. Ọmọ náà wo iwájú títí, kò gbọ́ nǹkan kan.

Oníṣòwò aṣọ kan ní kó bá òun sọ fún ọmọkùnrin kan ní Kraké pé kó bá òun "look after" àpò mẹ́ta. Ó yẹ kó ní "surveillez." Mùsíọ̀ ní, "Regardez après les sacs." Ohun tí ọmọ náà gbọ́ ni pé kó wò wọ́n tó bá yá. Ó lọ jẹun. Nígbà tó yá, ó wá wò wọ́n lóòótọ́, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe rán an. Wọ́n ti ku méjì.

Èyí tó tún ṣojú mi ni ti ìyá kan tó fẹ́ ra bọ́ọ̀sì tòkunbọ̀ ní Kùtọ̀nú. Ó san owó ọkọ̀ Mùsíọ̀, ó bọ́ ọ, ó tún ra omi tútù fún un. Ó yí bọ́ọ̀sì náà po lẹ́ẹ̀mejì, ó wá ní, "Mùsíọ̀, ẹ bá mi bi í, ṣé kò ní máa dẹnu kọlẹ̀ lójú títì?"

Mùsíọ̀ di ojú. Mo rí i bí Yorùbá ṣe ń wọ Gẹ̀ẹ́sì lórí rẹ̀, tí Gẹ̀ẹ́sì ń wọ Faransé. "Dẹnu kọlẹ̀" di "break down," ọ̀kan lára àwọn tó bá ẹ̀pà lọ. Ó la ojú. "Monsieur, est-ce que la voiture va casser en bas?"

Faransé a máa ní mọ́tò "tombe en panne." Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n bi ọ̀gá tó ń ta mọ́tò ni bóyá nǹkan máa fọ́ nísàlẹ̀. Ó tẹ́ páálí, ó wọ abẹ́ bọ́ọ̀sì lọ, ó fi iná fóònù wò ó láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ó jáde, ó gbọn ìyẹ̀pẹ̀ ara rẹ̀ nù: "Rien n'est cassé en bas."

Mùsíọ̀ yíjú sí ìyá: "Ó ní kò lè dẹnu kọlẹ̀ láéláé."

Ìyá ti ń tú owó nígbà tí ọ̀gá náà bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá, ẹ dúró ná. Mi ò sọ bẹ́ẹ̀ o. Ṣé pé ẹ̀ ń bèèrè bóyá yóò máa dẹnu kọlẹ̀ ni? Ẹ̀rọ rẹ̀ dára, gíá rẹ̀ ló ń fẹ́ àtúnṣe."

Ọmọ Kétu ni. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fa ìlà ní ọdún 1889, ìhà Faransé ni Kétu bọ́ sí, ṣùgbọ́n ìlà náà kò gé ahọ́n ẹnikẹ́ni. Láti àárọ̀ ni ọmọ Yorùbá méjì ti dojú kọra wọn, tí Mùsíọ̀ dúró láàárín wọn bí ògiri tó ń gbowó.

Nígbà tí ìyá ń yọ owó gíá kúrò lórí iye tó fẹ́ san, ọ̀gá náà bi Mùsíọ̀ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, bí mo bá ní mo gba ìyá yìí gbọ́, ṣé ẹ máa túmọ̀ 'gbà' sọ́tọ̀, kí ẹ túmọ̀ 'gbọ́' sọ́tọ̀? Bí wọ́n bá sì tàn yín jẹ, ta ló jẹ yín?"

Ìbéèrè tí ó yẹ kí Mùsíọ̀ ti bi ara rẹ̀ láti ọdún 1996 nìyẹn. Ọmọ Yorùbá ni, inú ọ̀rọ̀-ìṣe ẹlẹ́là ni wọ́n bí i sí: ó ń ba nǹkan jẹ́ láìjẹ ẹ́, ó ń tan èèyàn jẹ láìbu wọ́n jẹ. Ó mọ̀ láti kékeré pé ọ̀rọ̀ méjì lè para pọ̀ bí ìtumọ̀ tí kò jọ bàbá, tí kò jọ ìyá. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Ẹnu ìyá rẹ̀ ló ti gbọ́ ọ. Ó kàn fi ọgbọ́n náà sílé nígbà tó wọ jákẹ́ẹ̀tì.

"Yorùbá nìyẹn," ni Mùsíọ̀ dá a lóhùn. "Faransé yàtọ̀." Ó sì gba owó rẹ̀ pé, nítorí ó ní òun ló mú wọn mọra wọn.

Nígbà tí ìjọba ti ibodè pa ní oṣù Kẹjọ ọdún 2019, tí wọn kò ṣí Ṣẹ̀mẹ̀ títí di oṣù Kejìlá ọdún 2020, ebi fẹ́rẹ̀ẹ́ lu Mùsíọ̀ pa. Àwọn ẹlẹ́nu mímú ní àkókò yẹn ni Nàìjíríà àti Bẹ̀nẹ̀ gbọ́ ara wọn yé jù lọ. Ó ti padà sídìí tábìlì rẹ̀ báyìí, ó sì ti fi owó kún owó ẹyọ ọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń lọ, bí ẹ bá ti kọjá ibodè, kí ẹ kọ́kọ́ kí ẹni tó wà níwájú yín ní Yorùbá. Bó bá dá yín lóhùn, ẹ ti fi owó pamọ́. Bí kò bá dáhùn, ẹ wá ẹni tó máa bèèrè ohun tí ẹ ní lọ́kàn kó tó ka iye ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu yín.