Ẹ Má Tíì Kó Fáàfù Dànù

Fáàfù inú áńpù gìtá la fẹ́ gba ẹjọ́ rẹ̀ rò lónìí. Ìgò kékeré tó ń pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́yìn áńpù yìí dà bí ìyàwó tuntun lágboolé: ẹran dín nínú ìṣasùn, òun ni; ewúrẹ́ já okùn, òun náà ni. Áńpù pariwo, fáàfù ni. Áńpù dákẹ́, fáàfù ni. Kí wọ́n tó wádìí, wọ́n ti kó gbogbo wọn dànù. Mo ní ìdájọ́ yẹn kò tọ́, nítorí dígí ni ara fáàfù, ẹni tó bá lójú á rí ohun tó ń ṣe é.

Nínú òfìfo inú ìgò náà, ohun tó gbóná láàrin rẹ̀ ló ń tú íléktírọ̀nù jáde, wọ́n á sì sáré lọ sára irin tí wọ́n ń pè ní plate. Grid, tí olùhùmọ̀ Lee de Forest fi kún un ní 1906, ló ń pinnu iye tó máa kọjá. Bí plate bá wá di pupa fòò, iná tó ń gbà á kọjá ti pọ̀ jù: ẹ tètè pa áńpù. Ti iná búlúù tó máa ń hàn lára dígí àwọn fáàfù ńlá, kì í ṣe àìsàn. Ẹ̀yin tó fẹ́ gbé e lọ bá wòlíì, ẹ jókòó. Àmọ́ bí ohun dídán bíi fàdákà tó wà lára dígí bá ti di funfun báláú, afẹ́fẹ́ ti wọlé. Ìyẹn ti kú, ẹ sin ín.

Ẹnìkan á ní: “Ṣebí fáàfù ló ń tètè gbó jù níbẹ̀, kí ló burú nínú kí a pa gbogbo rẹ̀ dà?” Òótọ́ ni pé ó ń gbó. Ṣùgbọ́n bí bias, ìyẹn ìtò iná tó ń bá grid ṣiṣẹ́, bá ti dàrú, tàbí kapásítọ̀ kan, ohun tó ń tọ́jú iná, ń jò, tuntun tí ẹ rà náà á pọ́n, á sì kú. Ẹ wo áńpù Super Lead ti Marshall: fáàfù kéékèèké 3, EL34 ńlá 4. Ẹni tó pa méjèèje dà lẹ́ẹ̀kan, tí ariwo sì lọ, lè ti lé aláìṣẹ̀ mẹ́fà kúrò nílé! Àwọn kéékèèké ni kí ẹ kọ́kọ́ fi pẹ́ńsù kàn jẹ́jẹ́. Gbogbo wọn ló lè dún díẹ̀. Èyí tó bá ń hu là ń bá wí. Ẹ fi èyí tó dára rọ́pò wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, láti ibi tí gìtá ti ń wọlé. Àwọn ńlá ní tiwọn, àwọn tó bára mu là ń rà pọ̀, a ó sì tún bias wọn tò.

Ẹlòmíì á ní kí wọ́n kúkú lo tiransísítọ̀, ó ṣe tán, ó ti wà láti 1947. Ó fúyẹ́, ó sì dínwó. Àmọ́ bí a bá tẹ fáàfù kọjá agbára rẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ni ohùn rẹ̀ ń fọ́, tiransísítọ̀ sì sábà máa ń gé tirẹ̀ lójijì. Ayé mà le o: ẹni tó ra rédíò ń bẹ̀bẹ̀ kó má fọ́, onígìtá ń sanwó kó lè fọ́.

Ibì kan wà tí mi ò ní bá yín ṣàwàdà. Iná inú áńpù wọ̀nyí lè ju 400 fóòtì lọ, kapásítọ̀ sì lè mú un dání lẹ́yìn tí ẹ ti yọ wáyà lára ògiri. Ẹ má tan áńpù láìsí spíkà lára rẹ̀, kí transformer má baà jóná. Ẹ jẹ́ kó tutù kí ẹ tó yọ fáàfù. Bí ọ̀rọ̀ bá kọjá pípààrọ̀ fáàfù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tú u, ẹ gbé e lọ fún oníṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n.