Ìkíni Ò Tíì Parí, Ìpè Ti Já

Bí ìpè bá já láàrin Lọ́ńdọ̀nù àti Ìbàdàn, ẹjọ́ rẹ̀ kì í pẹ́ẹ́ dá. Ará òkèèrè á pòṣé, á ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì Nàìjíríà tún ti bẹ̀rẹ̀. Ìyá rẹ̀ pàápàá á gbà pé ọ̀dọ̀ òun ni ẹ̀bi wà, á gbé fóònù jáde sẹ́yìnkùlé, á máa pariwo "Ṣé ò ń gbọ́ mi báyìí?" títí aládùúgbò á fi bá a dáhùn.

Ìfura wọn ò ṣàdédé wá. Nígbà tí GSM dé Nàìjíríà ní oṣù kẹjọ 2001, ẹni tó sọ "hẹ́lò" lásán ń sanwó ìṣẹ́jú kan gbáko, títí Glo fi dé ní 2003 tó ń gbowó ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Ní oṣù kẹta 2024 ẹ̀wẹ̀, wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin bàjẹ́ nítòsí Abidjan, íntánẹ́ẹ̀tì sì daṣẹ́ sílẹ̀ l'Ékòó. Ẹni tójú ẹ̀ ti rí ìyẹn ò ní rántí bi ráútà tó ń ṣẹ́jú lábẹ́ tẹlifíṣọ̀n ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, léèrè ohunkóhun.

Ráútà ọ̀hún gan-an ló sì yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ mú. Tí fóònù ilé tó ń lo íntánẹ́ẹ̀tì bá ń já ní ìṣẹ́jú-àáyá 32 géérégé, láàárọ̀, lálẹ́, a jẹ́ pé kì í ṣe Nàìjíríà: nẹ́tíwọ́ọ̀kì ibẹ̀ ò pa àkókò mọ́ tó bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá gbé ìpè, ẹ̀rọ tó gbé e á ránṣẹ́ pé "mo ti gbé e o", á máa retí èsì. Bí èsì ò bá dé, á máa tún un wí. Tó bá di ìṣẹ́jú-àáyá 32, á gbà pé kò sẹ́ni níbẹ̀, á pa ìpè. Ohun kan wà nínú ọ̀pọ̀ ráútà tí wọ́n ń pè ní SIP ALG. Wọ́n ṣe é kó lè ran ìpè lọ́wọ́, àmọ́ ńṣe ló sábà máa ń pààrọ̀ àdírẹ́sì ara iṣẹ́ tí wọ́n rán, èsì á sì ṣìnà. Bí wọ́n bá pa á, wàhálà sábà máa ń tán síbẹ̀.

Òyìnbó lè pẹ́ kó tó fura. Ìṣẹ́jú-àáyá 32 tó o láti béèrè ọ̀rọ̀, kó gbọ́ èsì, kó dúpẹ́. Ọmọ Yorùbá ńkọ́? "Ẹ káàárọ̀ mà, ẹ kú ilé, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, bàbá ńkọ́, ẹsẹ̀ tó ń dùn yín ńkọ́?" Orúnkún ò tíì kúrò nílẹ̀, ìpè ti lọ.

Ti ìṣẹ́jú 15 tún wà. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ló ń fún ìpè ní ìṣẹ́jú 30, wọ́n á sì yẹ̀ ẹ́ wò ní ìdajì bóyá ẹnìkejì ṣì wà. Bí ráútà bá ti pa ọ̀nà dé, ìpè á já, lásìkò tí ìyá fẹ́ dárúkọ ẹbí tó jẹ ẹ́ lówó.

Bí ohùn bá sì ń gé wẹ́wẹ́, kí wọ́n yẹ ilé ìdáná wò: makirowéfù tó ń mú ẹ̀fọ́ gbóná àti Wáìfáì 2.4 GHz, ojú ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń ná. Wáyà ni kí wọ́n fi so fóònù mọ́ ráútà.

Ti iná ló wá pani lẹ́rìn-ín jù. Wáyà bàbà tẹlifóònù àtijọ́ ń gbé iná tirẹ̀ bọ̀ láti ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù, nǹkan bíi volt 48. Iná ilé ì báà lọ, fóònù á dún. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ pa ètò yẹn tì tó bá fi máa di ìparí oṣù kìíní 2027. Lẹ́yìn ìyẹn, bí iná bá lọ tí kò sí bátìrì, ráútà kú, fóònù ilé kú. Ará Ìbàdàn tó ní ínfátà àti síìmù méjì ò ní mọ̀ pé nǹkan ṣe. Bí ọmọ bá fi fóònù alágbèéká pe ìyá láti ṣàlàyé, ìbéèrè kan ṣoṣo ni ìyá ní: "Ṣé kí n wá jẹnẹrétọ̀ fi ránṣẹ́ sí yín ni?"