Àkàrà Kì í Ṣe Oúnjẹ

Ẹ sún mọ́bí, ẹ fa àpótí yẹn fún mi kí n jókòó. Kí Ìyá Alátẹ má gbọ́ o. Tó bá gbọ́, á tún ní ẹnu mi ń jò. Ó ń jò lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ọjọ́ tí jíjò rẹ̀ wúlò.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ó ti pẹ́ díẹ̀ tí ara ò ti fún Ìyá Alátẹ lọ́kun. Òùngbẹ lọ́sàn-án, ìtọ̀ lóru. Ta ni ò gbọ́ bí ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé ṣe ń ké? Inú tún ń rún un nísàlẹ̀ ìdodo. Dókítà ní kó wá ṣe tẹ́ẹ̀sì méjì láàárọ̀ ọjọ́ kan: ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, àti sikáànì abẹ́ ikùn. Ọsibítù wo? Ẹ má bi mí. Òfófó tèmi kì í dárúkọ.

Nọ́ọ̀sì là á yé e yékéyéké. Láti alẹ́, kó má fi nǹkan kan kan ẹnu àfi omi lásán, ó kéré tán wákàtí 8. Tílẹ̀ bá mọ́, kó mu omi dáadáa, kó má sì tọ̀ ọ́, nítorí sikáànì. Ìyá Alátẹ ní, "Mo ti gbọ́, sísítà." Ẹ ò mọ̀ ọ́n ni? Bó bá ti ní òun ti gbọ́, ọ̀rọ̀ ti gba etí ọ̀tún wọlé, ó ti gba tòsì jáde.

Èmi ni mo tẹ̀ lé e. A dé ojú títì Agbówó, à ń wá takisí Maikíra, ni òórùn àkàrà bá gba imú wa. Kí n tó yíjú padà, ìyá ti ra mẹ́rin, ó ti fi há búrẹ́dì.

Mo ní, "Ẹ̀yin ìyá wa, tẹ́ẹ̀sì ńkọ́?"

Ó ní, "Oúnjẹ ni wọ́n ní kí n má jẹ. Àkàrà kì í ṣe oúnjẹ, ìpanu ni."

Kí ni mo fẹ́ sọ sí i? Ìbàdàn la wà. Ẹni tí kò bá tíì rí àmàlà gbá mú, tí gbẹ̀gìrì àti ewédú ò tíì pàdé lórí ẹ̀, kò tíì jẹun, ì báà gbé odidi búrẹ́dì mì. Mo ní omi ńkọ́? Ó ní kí ìtọ̀ má lọ gbọ̀n òun nínú mọ́tò. Ẹ wò ó: èyí tí wọ́n ní kó má jẹ, ó jẹ ẹ́, èyí tí wọ́n ní kó mu, kò mu ún!

A gba Bódìjà, a já sí Orítamẹ́fà níwájú UCH. Bàbá kan tó fún mọ́ wa lẹ́yìn mọ́tò bẹ̀rẹ̀ ìtàn. Ó ní òfin tó dá ọsibítù yẹn sílẹ̀ ti wà láti 1952, pé 20 Oṣù Kọkànlá 1957 ni wọ́n ṣí i, pé ọsibítù Adéọ̀yọ́ ní Yemẹtù làwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ dókítà ti ń kọ́ ọ tẹ́lẹ̀. Mo wo epo àkàrà létè ìyá, mo ní ah, láti 1957 ni wọ́n ti ń sọ pé ká má jẹun, tí àwa sì ń panu.

A dé lábù. "Màmá, ẹ ti jẹun?"

"Rárá o. Mi ò fẹnu kan nǹkan kan."

Ẹnu bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi. Mo pa á mọ́, kò gbà. "Ẹ̀gbọ́n, àkàrà mẹ́rin àti búrẹ́dì, ní Agbówó, kò tíì pé wákàtí kan." Gbogbo ẹni tó wà lórí bẹ́ǹṣì bú sẹ́rìn-ín.

Ọmọkùnrin lábù yẹn ò bínú. Ó ní ẹni tó bá gbààwẹ̀ dé, tí ṣúgà rẹ̀ tó 126 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ojú alátọ̀gbẹ ni wọ́n á kọ́kọ́ fi wò ó, wọ́n á sì tún un yẹ̀ wò. Tí àkàrà bá wá ti ń di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀ ńkọ́? Ẹ̀rọ ò mọ àkàrà yàtọ̀ sí àìsàn. Ó ní ẹni tó bá ti jẹun, kó kàn sọ ọ́. Kó padà wá lọ́la.

Ti omi náà ní ìdí. Wọ́n ní bí ilé ìtọ̀ bá kún, á ti ìfun sẹ́gbẹ̀ẹ́, á wá dà bíi fèrèsé tí sikáànì ń gbà wo ilé ọmọ. Bí ìyá ṣe jókòó sábẹ́ igi nìyẹn, tó fa píọ́wọ́tà mẹ́rin mu, tó wá ń fẹsẹ̀ kọ́ra bí ọmọ ilé-ìwé. Èsì rẹ̀ ńkọ́? Ìyẹn ni n ò níí sọ. Òfófó náà ní ààlà.

Ọjọ́ mẹ́ta ni kò kí mi. Lọ́jọ́ kẹrin, ìyàwó onílé kan ilẹ̀kùn mi lálẹ́. Wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún Bàbá Onílé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n ní kí bàbá má jẹun, ó sì ti rí ẹ̀kọ tí bàbá fi pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí. Ẹ̀kọ! Bí wọ́n bá fi oògùn kun èèyàn lóorun, oúnjẹ inú rẹ̀ lè gòkè wá, kó ya sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ìyẹn kọjá àpárá. Àgbo náà ń bẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀kọ yẹn o, bàbá ò sì ní jẹ́wọ́ méjèèjì fún dókítà.

Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa lọ."

Kí n tó dáhùn, ohùn kan ti ké láti ìdí àtẹ: "Ẹ mú un lọ, ìyàwó onílé! Ẹnu ẹ̀ ò níí gbà kó dákẹ́."