Òjò Gẹ̀ẹ́sì Ti Ṣú

Àwọn àgbà ní ká má torí òjò tó ṣú da omi inú àmù nù. Wọn ò rò ó dé ibi tá a bá a dé: orúkọ òjò fúnra rẹ̀ la ń dà nù báyìí.

Ẹ dúró ní Ojoo, n'Ìbàdàn, ní ìrọ̀lẹ́ oṣù kẹrin, nígbà tí ọ̀run bá ṣú dẹ̀dẹ̀. Atẹ́gùn á kọ́kọ́ gbé eruku nílẹ̀. Àwọn ìyá aláta á fa ọ̀rá bo tòmátì, ọlọ́kadà á wá ibi forí pamọ́ sí, awakọ̀ Micra tó ń pe Mọ́níyà á sì ti fowó lé owó ọkọ̀ kí ẹ̀kán omi kan tó kán. Kò sẹ́ni tó wo fóònù nínú wọn.

Ibẹ̀ ni ìyá kan tó lọ mú ọmọ rẹ̀ nílé ìwé ti ń dúró de ọkọ̀, lábẹ́ igi. Mọ̀nàmọ́ná kọ yẹ̀rì. Ọmọ pariwo: "Mummy, lightning!" Inú ìyá rẹ̀ dùn, ó wo ọ̀tún wo òsì bóyá àwọn èèyàn gbọ́. Ìyá aláta kan ké sí ọmọ náà: "Ọmọ mi, tètè kúrò lábẹ́ igi yẹn o, àrá ń bọ̀!" Ọmọ ń wò ó ṣùn-ùn. "Ẹ má bínú, Mà," ni ìyá rẹ̀ wí tẹ̀rín-tẹ̀rín, "kò gbọ́ Yorùbá ni."

Ó mọ orúkọ mọ̀nàmọ́ná, ìkìlọ̀ rẹ̀ ni kò gbọ́.

Nílé ìwé aládàáni tí wọ́n ti ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ọmọ tó bá sọ fánákúlà, ọmọ á mọ snow, á mọ winter, á tún mọ blizzard, tí kò ní jà n'Ìbàdàn títí Jésù á fi dé. Èyí tó ń rọ̀ lé e lórí ni kò mọ̀. Kò mọ àkọ́rọ̀ tí àgbẹ̀ Akínyẹlé fi ń gbin àgbàdo, kò mọ àrọ̀kúrò, bẹ́ẹ̀ inú Bíbélì Yorùbá tí ìyá rẹ̀ ń gbé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ni méjèèjì wà. Wínníwínní, àrọ̀ọ̀rọ̀dá, gbogbo rẹ̀, rain ni. Ọyẹ́ ńkọ́? Harmattan! Ìwé atúmọ̀ èdè àwọn òyìnbó fúnra wọn ló sì sọ pé ẹnu àwọn Akan ní Gánà ni wọ́n ti yá a.

Ní oṣù kẹsàn-án 2019, àrá pa màlúù 36 lẹ́ẹ̀kan náà lórí òkè kan ní Ìjàrẹ́, ìpínlẹ̀ Oǹdó. Bí ọmọ wa bá kọ ọ́ pé thunder ló pa wọ́n, tísà á fa igi pupa sí i: ariwo lásán ni thunder, lightning ló ń pani. Òótọ́ ni. Àmọ́ ọmọ tí wọ́n gba àrá lọ́wọ́ rẹ̀, tí wọ́n fi ariwo lásán rọ́pò, kí ni yóò máa sá fún?

Kì í ṣe pé a ò tọ́ omi inú àmù wò. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko, sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò pẹ̀lú. Gẹ̀ẹ́sì wá di iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà ò rẹ̀yìn, nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ní oṣù kọkànlá 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí èdè abínibí di èdè ìkọ́ni ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Kó tó pé ọdún mẹ́ta, wọ́n ti fagi lé e. Ibo sì ni mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ti kéde rẹ̀? Níbi àpérò British Council ní Àbújá. Ọ̀ọ̀dẹ̀ ẹni tó ń ta omi la gbé àmù lọ fọ́ sí.

Ẹ̀yin òbí Ojoo, Agbowó àti Bódìjà, ẹ kọ́ wọn ní lightning, kò burú. Àmọ́ tí mọ̀nàmọ́ná bá kọ, ẹ ní kí wọ́n máa ka ení, èjì, ẹ̀ta, díẹ̀díẹ̀, títí àrá á fi sán. Bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta ni ìró rẹ̀ fi ń rin kìlómítà kan. Bí òǹkà wọn kò bá tó ọgbọ̀n kí àrá tó sán, kí wọ́n sá wọlé, kí wọ́n má dúró sábẹ́ igi. Ẹ sọ ọ́ fún wọn ní Yorùbá pẹ̀lú, torí ẹni tó bá máa kígbe ìkìlọ̀ ní Ojoo, Yorùbá ni yóò fi kígbe.